Ara Ni Mo Ní Ó Sú Mi, Mi Ò Sọ Pé Ayé

"Ìwọ!" Ẹ̀gbọ́n, "ìwọ" ni Fọlákẹ́ àbúrò yín pè mí! Nínú pálọ̀ mi, lójú Abdulwaheed tí a jọ pín ògiri, lójú Hàjàrá tó ń ta ìṣó àti okùn níwájú ilé wa, lójú gbogbo ẹni tó ti ya wọlé láìbọ́ bàtà! Fọlákẹ́ tí mo mọ̀ nígbà tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ sílé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé òun ló gbé àpótí aṣọ tẹ̀lé Àyọ̀kẹ́ wá sílé mi lọ́jọ́ tí ẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé, "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ sà" ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àfi Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí. "Ìwọ Awódélé, ta lò ń fa ikùn sínú fún?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ikùn tèmi yìí! Ta ni mò ń fà á sínú fún!

Rárá, mi ò jókòó. Ẹ ṣeun. Mi ò mu omi náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdúró sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, ọ̀rọ̀ á tutù lẹ́nu mi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Àyọ̀kẹ́ máa ń sọ pé kí òun tó lè gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu mi lóòjọ́, àfi kí paipu kan bẹ́ níbì kan. Ó dáa. Paipu ti bẹ́ lónìí.

Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún kí ẹ tó fi í fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sí Òkè-Ògbó lọ́dọ̀ yín, tí mi ò lọ bá Fọlákẹ́ jà nílé rẹ̀. Àwòrán ìyàwó mi ni mo wá gbà. Mo sì ti rí i! Láti ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ti rí i, lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ. Kí ló ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni olóògbé ṣe tí wọ́n fi kọ ojú rẹ̀ sí ògiri? Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ kọ ojú tèmi síbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ o. Mi ò ní mi ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí Fọlákẹ́ kà sí mi lọ́rùn ni mo ṣẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni. Fikáyọ̀ ọmọ wa ló fi í ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ó ní ilé dákẹ́ jù, pé bí òun bá ti pè mí lórí fóònù, ìró aago ògiri nìkan ni òun ń gbọ́ lẹ́yìn mi. Mo ní mi ò fẹ́. Kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti gbé e sínú mọ́tò. Roqeeb tó ń so díìṣì kiri àdúgbò ló wá gbé e kọ́. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn! Roqeeb wọn ìhín, ó wọn ọ̀hún, ó ní, "Bàbá, ògiri yìí nìkan ló lè gbà á o." Ògiri tí Àyọ̀kẹ́ wà ni. Mo wo Roqeeb. Mo wo ògiri. Mo ní, "Gbé e kọ́ síbẹ̀." Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Oṣù keje tí Àyọ̀kẹ́ ti lọ nìyẹn o, ọdún kò tíì yí po.

Ni Roqeeb bá tẹ nǹkan kan, ó ní, "Bàbá, HD lèyí o, ẹ máa rí ohun tí ẹ ò rí rí." Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Mo jókòó.

Ẹ̀gà ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀gà o! Kì í ṣe ẹyẹ òyìnbó. Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ní gbogbo ọ̀nà Ẹdúnabọ̀n, tí a máa ń sọ òkúta lù ní kékeré. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo ti lò láyé, mi ò mọ̀ pé ojú ẹ̀gà pọ́n. Ó pọ́n bí ẹyin iná! Mo rí ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tó fi àgógó ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, tó fà á, tó so ó ní kókó. Kókó gidi, irú èyí tí èmi plọ́ḿbà fi ìka mẹ́wàá so tí ó sì tún tú. Mo rí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ mọ́ ewé tí kò tíì já bọ́. Mo dìde, mo lọ fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n náà bóyá ó tutù.

Mo sì gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Mo gbádùn rẹ̀! Mo jókòó síbẹ̀ títí ọ̀sán fi di ìrọ̀lẹ́, ebi ò pa mí, omijé ò bọ́ lójú mi. Nígbà tó parí ni mo tó rántí pé mi ò tíì rántí Àyọ̀kẹ́ láti àárọ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí? Bí ẹni tó gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́jà ni. Mo sáré wá àwòrán náà, mo bá a lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo gbé e tì.

Torí pé òun ló ni irú ìran bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Òun ló fẹ́ràn ẹranko, kì í ṣe èmi. Kí n tó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ọgbà ẹranko tó wà ní yunifásítì ni mo mú un lọ, tó dúró síwájú ọ̀bọ kan títí wọ́n fi lé wa jáde. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, tó sì jẹ́ pé ojú òun náà ti ń ṣe bàìbàì, àpótí tó fi ń jókòó dáná ló máa ń gbé wá síwájú rẹ̀, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Á ní, "Bàbá Fikáyọ̀, ẹ bá mi wò ó, ṣé kìnnìún nìyẹn àbí ewúrẹ́?" Á ní, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ o." Èmi á ní, "Tẹlifíṣọ̀n tó ṣì ń sọ̀rọ̀ kò tíì kú." Á ní, "Ẹ jẹ́ ó kú ká sin ín." A óò jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi ò ká a. Mi ò ṣáà pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Tẹlifíṣọ̀n ò kú. Òun ló kú.

Hẹn? Ẹ ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, mi ò tíì dé ibi tó le.

Ọ̀rọ̀ ìdárayá. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀, àbí ẹ ti gbàgbé? Ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru Àyọ̀kẹ́, ó wo tèmi náà, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa rìn." Ẹ̀yin méjèèjì ló wí. Àyọ̀kẹ́ lọ ra bàtà kánfáàsì funfun, ó ra tèmi mọ́ ọn. Ó ní láti ilé wa ní Mayfair dé géètì yunifásítì, ká lọ ká bọ̀, lójoojúmọ́ tí òòrùn bá ti rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe jáde, ó ní, "Ká má yára o. Ẹni tó bá rẹ̀ nínú wa, kó sọ." Òpó iná mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n! A ò tíì kọjá òpó iná kẹrin tí mo ti sọ. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo ní mo ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé paipu kiri ọgbà yunifásítì, kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi. Kò jà. Ó bá mi padà. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló lọ. Ó lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kan, kò wọ bàtà náà mọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní bí òun ṣe ń dá rìn dà bí ti ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

Bí òun náà ṣe jókòó nìyẹn. Ó bá mi jókòó. Àwa méjèèjì jókòó síwájú òjò tó ń rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tó ń bẹ iṣu, tí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó pe orúkọ mi tí kò pè é parí.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn. Fọlákẹ́ ò bi mí. Gbogbo yín ń sọ pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó wá di pé nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi lóṣù tó kọjá tó sì pariwo, Fikáyọ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jókòó tó ń dìde láìsí àga lábẹ́ rẹ̀, tó ń gun àpótí tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń fo okùn bí ọmọdébìnrin. Ó ní, "Dádì, inú ilé ni o, kò sẹ́ni tó máa rí yín." Mo lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà kánfáàsì mi wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi dí imú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà nínú rẹ̀. Tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ díẹ̀.

Mo wọ tèmi.

Irú ọkùnrin wo nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn. Irú ọkùnrin wo ló dúró dìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú kó tó gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu? Bí Fọlákẹ́ bá bi mí ní ìyẹn ni, màá dọ̀bálẹ̀ fún un, kó pè mí ní ìwọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bi mí!

Ọ̀rọ̀ okùn ló dé yìí, ẹ fara balẹ̀. Mo kọ́kọ́ gé okùn tí a fi ń sá aṣọ, mo fò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó já. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ Hàjàrá. Mo ní, "Hàjàrá, fún mi lókùn." Ó ní, "Bàbá, èyí tó gùn tó báwo?" Mo ní, "Kó ṣáà ti gba èmi nìkan." Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi so?" Mo ní, "Kò kàn ọ́, wá èyí tó lágbára. Èyí tí mo lò lánàá já." Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Ara yìí ló sú mi, ọmọ mi. Mo fẹ́ fúyẹ́."

Kí ló burú níbẹ̀? Ikùn mi ni mo fọwọ́ lù bí mo ṣe ń sọ ọ́! Ara ni mo ní ó sú mi, mi ò sọ pé ayé! Ṣé ara àti ayé wá di ọ̀kan náà ni? Hàjàrá ní okùn ti tán. Okùn tó so rọ̀ lókè orí rẹ̀! Mo nawọ́ mú èyí tó wù mí, mo fowó lé tábìlì, mo kọjá sílé. Mo kàn gbọ́ lẹ́yìn mi ni, "Aúsùbílà!" Mo rò pé aláǹgbá ló rí.

Ó ti pe Fọlákẹ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń wò yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu yín yẹn. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe bá mi.

Mo ti sún àga gbogbo sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ti fo okùn tán ní ẹ̀yìnkùlé, mo wá fi í kọ́ ọrùn, bí mo ṣe máa ń fi rọ́bà omi kọ́ ọrùn níbi iṣẹ́ kí ọwọ́ mi lè ṣófo. Mo gbé àpótí ìdáná Àyọ̀kẹ́ sí àárín pálọ̀, mò ń gùn ún, mò ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ka mọ́kànlá. Mo gun ìkejìlá, mo sì dúró lórí rẹ̀, nítorí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n tó pa mí lẹ́rìn-ín. Orí àpótí ni mo wà, okùn lọ́rùn, òógùn lójú, nígbà tí ilẹ̀kùn mi fò sílẹ̀ gbàà!

"Yéè! Bàbá Fikáyọ̀ o!" Fọlákẹ́ nìyẹn. Ó ti rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Hàjàrá ń pariwo pé, "Ẹ gbé wọn sókè! Ẹ gbé wọn sókè kí okùn má fún!" Àwọn méjèèjì gbé mi sókè, èmi tí mo tóbi báyìí! Abdulwaheed sáré wọlé tòun tàdá, ó ní kí wọ́n yà fún òun kí òun gé e. Ó na àdá sókè. Ó wo òkè. Ó wo àjà lápá ọ̀tún, ó wo àjà lápá òsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n so ó mọ́?"

Kò so mọ́ ibì kankan! Okùn tó wà lọ́rùn mi bí táwẹ́ẹ̀lì!

Mo ní, "Ẹ sọ mí kalẹ̀. Eré ìdárayá ni mò ń ṣe." Wọ́n sọ mí kalẹ̀. Fọlákẹ́ ò gbà gbọ́, ó ń fọwọ́ pa mí lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, ẹ̀yin la kù tí a fi ń rí Àǹtí mi." Ó fi gèlè orí rẹ̀ nu òógùn ojú mi. Hàjàrá gbé omi wá. Abdulwaheed ń gbàdúrà. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni wọ́n fi fẹ́ràn mi, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí a ti sin Àyọ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wù mí kí n má tíì ṣàlàyé.

Ni Fọlákẹ́ bá gbójú sókè, ó rí tẹlifíṣọ̀n. Ó rí i pé ògiri Àǹtí òun ni. Ó wo bàtà funfun lẹ́sẹ̀ mi. Ó wo ikùn mi. Ó ní, "Ẹ̀rín la gbọ́ láti ìta." Ó ní, "Hàjàrá, ṣé kì í ṣe ẹ̀rín la gbọ́?" Hàjàrá wolẹ̀. Roqeeb tó ti bá èrò wọlé ní kí òun gbà mí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, HD ló ń dùn mọ́ wọn." Ni Fọlákẹ́ bá fò sókè! "HD kọ́, èèdì ni! Èèdì ni wọ́n fi di ọkùnrin yìí!" Ó wá yíjú, ó rí àwòrán náà lórí àga. "Ẹ wá wo Àǹtí mi lórí àga! Ẹ wá wo ibi tó sọ wọ́n sí bí aṣọ ìdọ̀tí!" Ibẹ̀ ló ti pè mí ní ìwọ. "Ìwọ Awódélé, ta lò ń fa ikùn sínú fún? Oṣù méje péré! Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi!" Ó gbé àwòrán náà sábẹ́ apá, ó jáde, ọ̀dọ̀ yín níbí ló gbé e wá.

Àbí ẹ ò rí i? Bí mo bá ti kú, wọn ì bá máa ní mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Wọ́n bá mi láàyè, ó di ẹjọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin náà ń bi mí bóyá obìnrin kan wà níbẹ̀? Ó dáa. Mo fi orúkọ Ọlọ́run tó dá mi búra, kò sí obìnrin kankan. Ẹ wo ikùn yìí dáadáa, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú pálọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ sì fi í fún mi.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò fi ṣàlàyé fún Fọlákẹ́. Kí ni n bá wí? Ojú tì mí. Lójú Abdulwaheed? Lójú Hàjàrá? Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò sọ àwòrán Àyọ̀kẹ́ sórí àga. Mo gbé e jókòó ni.

Àga rẹ̀ ni. Mo sún àga gbogbo kúrò, mi ò sún tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbé e síbẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú, mo kọ ojú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe pé orí mi dàrú, mo mọ̀ pé ìwé àti dígí ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wo ojú ẹ̀gà tó pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn kí òun má wò ó. Mi ò lè ṣe é. Òun tó fi odindi ọdún mẹ́fà béèrè bóyá kìnnìún ni àbí ewúrẹ́. Bí mo bá ti gbé e jókòó, mo lè wò ó. Bí mo bá ti wọ bàtà náà, mo máa ń sọ fún un pé, "Mo ti wọ̀ ọ́ o." Bí mo bá fò, mo máa ń ka iye rẹ̀ sókè kó lè gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n bá mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín ńkọ́? Ẹ̀rín náà nìyí. Akọ ẹ̀gà kan ni. Ó ti fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ilé, ó so kókó, ó so kókó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń na apá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ pé kí obìnrin wá wò ó. Abo dé. Abo wọlé. Ó fi ẹnu fa ìhín, ó fi ẹnu fa ọ̀hún. Ó jáde, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì gbọn ìdí báyìí. Àyọ̀kẹ́ pátápátá! Àyọ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí mo ṣe ẹ̀rọ omi sí kíṣìnnì tó wá tẹ̀ ẹ́ wò tó ní, "Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún yunifásítì nìyí?" Mo wo abo ẹ̀gà, mo wo àwòrán, mo bú sẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì la jọ ń rẹ́rìn-ín lójú tèmi. Akọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà palẹ̀, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, láti tún un kọ́. Ibẹ̀ la dé tí ilẹ̀kùn fi fò sílẹ̀.

A ò mọ̀ bóyá abo náà gba ilé kejì. Fọlákẹ́ ò jẹ́ kí Àyọ̀kẹ́ rí òpin rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mi ò tan tẹlifíṣọ̀n. Mi ò fo okùn. Mo jókòó sílé títí ẹ̀jẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí létí, mo gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ni Roqeeb fi ẹnu sí ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa tún ti ẹ̀gà yẹn ṣe, agogo márùn-ún." Mo wọ bàtà. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Mo ti sọ tèmi tán. Ó dáa. Ẹ sọ tiyín.

Hẹn.

Hẹn. Mo gbọ́. Bí Fọlákẹ́ bá fẹ́ kó wà lórí ògiri, Roqeeb yóò gbẹ́ ihò mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo gbà. Kó wá fúnra rẹ̀ wá wo ibi tó wù ú. Kó wá jókòó bá wa tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kó pè mí ní "ẹ" kó tó wọlé. Ìyẹn, mi ò ní dárí rẹ̀ jì ín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní báyìí, ẹ yí ojú rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo nà yìí, bí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Rárá, ẹ má pe ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni mo fi wá. Láti Mayfair! Ṣé ẹ ò rí bàtà ẹsẹ̀ mi ni? Ṣé ẹ gbọ́ kí n mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn? Òpó iná, mi ò kà á mọ́. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi nǹkankan wé e. Kí àwọn èèyàn máa wò, kí ni tiwọn? Ó ti wo ògiri fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó máa wo ọ̀nà. Màá gbé e sí àyà, màá kọ ojú rẹ̀ síwájú. Agogo mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, a óò délé kí márùn-ún tó lù, bí a bá tiẹ̀ rọra ń rìn.

Ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àyọ̀kẹ́, ó yá. Ká má yára o. Ẹni tó bá rẹ̀ nínú wa, kó sọ.